Owó Kírípítò: Ohun Tó Ń Gbé Iye Rẹ̀ Lọ Sókè Sódò, Ohun Tó Ń Dí I Lọ́wọ́, àti Bí Ará Ìlú Ṣe Lè Dáàbò Bo Owó Rẹ̀

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà tó fi owó sínú CBEX, pẹpẹ ìdókòwò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣàdédé rí i pé àwọn kò lè gba owó wọn padà mọ́. Iye tí wọ́n ń rí lójú ẹ̀rọ wọn pòórá. Ní ìlú Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì tí wọ́n ń lò ní agbègbè Òkè-Àdó, wọ́n sì kó ohun èlò tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àga àti tábìlì kò lè dípò owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dípò owó tí ìyá ọlọ́jà fi ń ra ọjà.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ owó kírípítò ti pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gbà pé jìbìtì gbáà ni gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn gbà pé òun ni ọ̀nà àbáyọ kúrò nínú ìṣẹ́. Èrò méjèèjì lè kó bá ènìyàn. Ẹni tó pè é ní jìbìtì kò ní kọ́ ìmọ̀ tí yóò fi gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn, ẹni tó sì pè é ní àbáyọ kò ní bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ kankan kí ó tó fi owó sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ yìí fi fẹ́ là á yé ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ohun tí owó náà jẹ́, ohun tó ń mú kí iye rẹ̀ yí padà, àwọn ìdènà tó wà níwájú rẹ̀, àti àwọn ọ̀nà tí olè fi ń gbà á lọ́wọ́ ẹni.

Kí ni owó kírípítò?

Ẹ jẹ́ kí á fi èsúsú ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ọ̀pọ̀ èsúsú, olórí ẹgbẹ́ ló ń tọ́jú ìwé tí a ń kọ iye tí olúkúlùkù dá sí. Bí olórí bá jẹ́ olóòótọ́, ara tu gbogbo ẹgbẹ́. Bí kò bá jẹ́ olóòótọ́, ó lè fi kálámù kan ṣoṣo yí ìṣirò padà. Ẹ wá rò ó pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ní irú ìwé kan náà lọ́wọ́, tí wọ́n sì jùmọ̀ ń kọ ohun kan náà sílẹ̀ nígbàkígbà tí owó bá ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́, ìwé àwọn yòókù ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Bí owó kírípítò ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ni ó dípò ọmọ ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ tí wọ́n jọ ń tọ́jú ni a sì ń pè ní blockchain. Kò sí báńkì àpapọ̀ kankan tó ń tẹ owó náà, kò sì sí ìjọba kan tó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀.

Bitcoin ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2008 ni ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ jáde, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2009. Nínú ètò rẹ̀, Bitcoin tó máa wà láyé kò lè ju mílíọ̀nù 21 lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń fìdí àkọsílẹ̀ múlẹ̀ ni a ń fi Bitcoin tuntun san owó iṣẹ́ fún, owó iṣẹ́ yìí sì ń dín kù sí ìdajì ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Ó jẹ́ 50 nígbà ìbẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó ti di 3.125.

Irú kejì tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa mọ̀ dáadáa ni èyí tí a so mọ́ dọ́là Amẹ́ríkà, bí USDT. Ẹyọ kan rẹ̀ ni a fẹ́ kí ó máa jẹ́ dọ́là kan nígbà gbogbo. Ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde ni ó ń ṣèlérí pé òun ní ohun ìní tó tó o nípamọ́. Nítorí náà, agbára ìlérí náà kò lè ju agbára ẹni tó ṣe é lọ.

Kí ló dé tí iye rẹ̀ fi ń lọ sókè sódò?

Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ̀ pé iye ọjà kì í dúró sójú kan. Ní ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé nítorí pé ìkórè kò dára ní Gánà àti Côte d'Ivoire, lẹ́yìn náà ni ó tún já wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí iye kòkó já tó, ohun tí a lè fi ọwọ́ kàn ṣì ń bẹ nínú àpò, àwọn tó ń fi í ṣe oúnjẹ sì ń wá a. Bitcoin kò ní oko, kò ní ilé tí a lè fi háyà, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín èrè fún ẹni tó ni ín. Iye tí ẹlòmíràn bá gbà láti san lórí rẹ̀ lónìí ni iye rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìròyìn kan ṣoṣo fi lè gbé e fò, tí òmíràn sì lè là á mọ́lẹ̀.

Ẹ wo bí ó ti rìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Bitcoin kan súnmọ́ 20,000 dọ́là. Nígbà tí ọdún kan yí po, kò tó 4,000 mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ó dé nǹkan bí 69,000. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ó ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ 16,000. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó kọjá 100,000 fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ó kọjá 120,000, ṣùgbọ́n kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, ó ti wà nísàlẹ̀ 90,000 ní àwọn ọjọ́ kan.

Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń fà á.

Èkíní ni ọ̀wọ́n. Bí Bitcoin tuntun tó ń wọlé bá ń dín kù, tí àwọn tó ń wá a sì ń pọ̀ sí i, iye rẹ̀ yóò gòkè. Bí àwọn tó ń wá a bá sì dín kù, ọ̀wọ́n nìkan kò lè gbé e dúró.

Èkejì ni ìgbésẹ̀ àwọn olówó ńlá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn aláṣẹ ọjà ìdókòwò ní Amẹ́ríkà fàyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ láti máa ta ìpín nínú àpò owó tó ra Bitcoin gan-an, èyí sì mú owó púpọ̀ wọ ọjà náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, nígbà tí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń fi owó èlé kún owó èlé, ọ̀pọ̀ olówó kó owó wọn kúrò nínú ohun tó léwu, wọ́n sì gbé e lọ síbi tí ọkàn wọn ti balẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìṣubú àwọn ilé-iṣẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, TerraUSD, tí a ní yóò máa jẹ́ dọ́là kan títí láé, wó lulẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, FTX, tó wà lára àwọn pẹpẹ pàṣípààrọ̀ tó tóbi jù lọ láyé, kógbá sílé. Olùdásílẹ̀ rẹ̀, Sam Bankman-Fried, ni ilé-ẹjọ́ rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 25 ní ọdún 2024.

Ẹ̀kẹrin kan àwa ará Nàìjíríà ní tààrà, òun sì ni iye náírà. Ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 460 náírà lọ ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ó fi di ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Nítorí náà, ẹni tó ní USDT lọ́wọ́ rí i pé náírà òun pọ̀ sí i láìjẹ́ pé USDT náà fi kọ́bọ̀ kan gòkè. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba iṣẹ́ láti òkè òkun, fi sá di í. Wọn kò ṣe é nítorí ojúkòkòrò; wọ́n ń wá ibi tí wọ́n lè fi òógùn ojú wọn pamọ́ sí.

Ìṣirò kékeré kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Ohun tó bá pàdánù ìdajì iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì kí ó tó padà sí ipò rẹ̀. Èyí tó bá pàdánù ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó fi 1,000 dọ́là ra Bitcoin nígbà tó ga jù ní ọdún 2021, iye tó kù ní ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan kò tó 250 dọ́là. Bí owó náà bá jẹ́ èyí tí kò nílò, ó lè dúró. Bí ó bá jẹ́ owó ilé tàbí owó ìwòsàn, yóò tà á nígbà tó burú jù láti tà.

Àwọn ohun tó ń dí i lọ́wọ́

Òfin ni ìdènà tó kọ́kọ́ hàn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kírípítò. Òwò náà kò dúró. Ọwọ́ ẹnì kan sí ẹnì kejì ni ó bọ́ sí, níbi tí kò ti sí alábòójútó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, báńkì náà yí àṣẹ yìí padà, ó sì gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn báńkì tó bá fẹ́ ṣí àkáǹtì fún ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ni a kéde pé Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti buwọ́ lu Òfin Ìdókòwò tuntun tó gba owó kírípítò mọ́ ara ohun tí àjọ SEC, alábòójútó ọjà ìdókòwò ní orílẹ̀-èdè yìí, yóò máa mójú tó. Nítorí náà, níní kírípítò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ máa bá ará ìlú ṣe é gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ SEC. Kí ẹ sì rántí pé kì í ṣe owó tí òfin sọ ọ́ di dandan fún ẹnikẹ́ni láti gbà; náírà ni owó orílẹ̀-èdè wa.

Ìdènà kejì ni pé ọjà kò tíì gbà á. Ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà kò lè pe iye ọjà rẹ̀ ní ohun tó lè dín kù ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kí ó tó délé. Orílẹ̀-èdè El Salvador dán an wò: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ó sọ Bitcoin di owó tí òfin fọwọ́ sí. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn aráàlú ń bá dọ́là wọn lọ, nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n tún òfin náà ṣe, kò sì pọn dandan mọ́ fún oníṣòwò láti gbà á.

Níhìn-ín náà, Báńkì Àpapọ̀ gbé eNaira jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2021. eNaira kì í ṣe kírípítò. Náírà ni, tí báńkì àpapọ̀ fi sórí ẹ̀rọ. Pẹ̀lú gbogbo àtìlẹ́yìn ìjọba, àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ kò pọ̀. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé bí ohun tí ènìyàn ń lò tẹ́lẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ fún un, kò ní torí pé òmíràn jẹ́ tuntun kí ó fi í sílẹ̀.

Ìdènà kẹta ni iná mànàmáná, dátà àti ìmọ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kú, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì sí ní abúlé rẹ̀, kò lè dé ibi owó rẹ̀. Èdè tí wọ́n fi kọ ìlànà àwọn áàpù náà sì ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, èyí ló ń mú kí wọ́n gbé fóònù fún ẹlòmíràn pé kí ó bá wọn ṣe é. Ibẹ̀ ni ewu ti ń wọlé.

Bí olè ṣe ń wọlé

Àkọsílẹ̀ Bitcoin fúnra rẹ̀ ṣòro láti yí padà, ṣùgbọ́n ilé tí a kó owó pamọ́ sí ṣeé fọ́. Ní ọdún 2014, Mt. Gox ní ilẹ̀ Japan kógbá sílé lẹ́yìn tí ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún Bitcoin dàwátì. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, wọ́n jí ohun tó tó bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là lọ ní Bybit. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ilé ńlá, kí ni ká sọ nípa fóònù tiwa?

Ohun tó yà kírípítò sọ́tọ̀ sí báńkì ni pé owó tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Bí ẹ bá ṣi owó fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì báńkì, a lè bẹ báńkì kí ó dí i lọ́nà. Nínú kírípítò, kò sí ọ̀gá báńkì tí ẹ lè lọ bá. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ni ó ni owó. Ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tí áàpù ń fún ènìyàn nígbà tó kọ́kọ́ ṣí àpò owó rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹni tó bá sọ ọ́ nù ti sọ owó rẹ̀ nù. Ẹni tó bá fi han ẹlòmíràn ti gbé owó rẹ̀ fún un.

Àwọn ọ̀nà tí àwọn oníjìbìtì ń lò jù nìyí:

- Wọ́n á gba WhatsApp tàbí Facebook ọ̀rẹ́ yín, wọ́n á sì fi orúkọ rẹ̀ polówó èrè kírípítò. Ẹ pe ọ̀rẹ́ náà lórí fóònù, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ohun tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀.
- Wọ́n á fi líǹkì ránṣẹ́ tó jọ ti ilé-iṣẹ́ gidi. Ìgbà tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín síbẹ̀ ni wọ́n ti rí i gbà. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ náà.
- Wọ́n á fi ìfẹ́ tan ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó dárúkọ ìdókòwò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ EFCC mú ènìyàn 792 nínú ilé kan ṣoṣo ní Victoria Island, ní Èkó, lórí ẹ̀sùn irú jìbìtì yìí.
- Wọ́n á gba nọ́ńbà fóònù yín sórí síìmù mìíràn, kí nọ́ńbà àṣírí báńkì lè máa wọlé sọ́dọ̀ wọn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá ṣàdédé kú láìnídìí, ẹ kàn sí ilé-iṣẹ́ síìmù yín àti báńkì yín lọ́gán.
- Ẹni tó ra USDT lọ́wọ́ yín lè fi owó olè san án, láti inú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Àkáǹtì yín ni a ó tì nígbà tí ọlọ́pàá bá tọ ipasẹ̀ owó náà. Bí orúkọ tó sanwó kò bá bá ti olùrà mu, ẹ má ṣe gbà á.

Sogúndogójì kì í ṣe kírípítò

Ó ṣe pàtàkì kí a ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀. Sogúndogójì ti wà nílẹ̀ yìí kí Bitcoin tó dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí MMM ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn, ìtàn kan náà ni. Aṣọ tó wọ̀ lónìí ni ó yàtọ̀. Owó ẹni tó dé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san èrè ẹni tó kọ́kọ́ dé, títí ẹni tuntun kò fi ní sí mọ́.

CBEX ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ gbé kálámù. Bí ₦100,000 bá ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, ní ìparí ọdún kan yóò ti di ₦409,600,000. Ní oṣù ogún, yóò ti kọjá bílíọ̀nù 104 náírà. Kò sí òwò kan lábẹ́ ọ̀run tó ń so irú èso bẹ́ẹ̀. Nígbà tí pẹpẹ náà wó tán, wọ́n tún ní kí àwọn tí owó wọn há san 100 dọ́là tàbí 200 dọ́là kí wọ́n lè rí owó wọn gbà. Bí àwọn baba wa ṣe máa ń sọ, kò sí ọ̀fẹ́ ní Fìrítáùn.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi owó sílẹ̀, ẹ bèèrè ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà lórí ìkànnì àjọ SEC gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní àṣẹ? Níbo gan-an ni èrè náà ti ń wá? Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ kí n mú ẹlòmíràn wá? Ṣé mo lè gba owó mi lónìí láìsan owó mìíràn? Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tàbí ìwé ẹ̀rí láti ilẹ̀ òkèèrè kò dípò àṣẹ SEC. Kí àwọn tó ń gba owó lórí kíkó ènìyàn wọlé náà sì mọ̀ pé òfin ọdún 2025 kò fojú rere wo sogúndogójì: ìtanràn rẹ̀ kò dín ní ₦20 mílíọ̀nù, ó sì lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ pe báńkì yín láàárín ìṣẹ́jú tí ẹ bá fura, nítorí náírà tó ṣì wà nínú àkáǹtì báńkì ṣeé dí lọ́nà. Ẹ má ṣe pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ rẹ́. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà fóònù wọn, àdírẹ́sì àpò kírípítò tí ẹ sanwó sí, àti rìsíìtì. Ẹ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín tàbí ní ọ́fíìsì EFCC ní Ìyágankú, Ìbàdàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè yín pé òun lè bá yín gba owó náà padà bí ẹ bá kọ́kọ́ san owó díẹ̀, olè kejì ni. Orúkọ àwọn tí a ti lù ní jìbìtì ni wọ́n ń lé kiri.

Ìtìjú ni ó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ wọn sì ni àwọn oníjìbìtì ń rí lò láti mú ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe fi ẹni tó pàdánù ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí a máa jíròrò ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú ilé, kí òbí bi ọmọ, kí ọmọ náà sì la ohun tó mọ̀ yé òbí. Owó kírípítò lè wúlò fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó sì ń lo owó tó lè fara da ìpàdánù rẹ̀. Owó oúnjẹ, owó oògùn, owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó tí a yá kò sí lára irú owó bẹ́ẹ̀.